Ẹ̀rọ Ìrẹsì Ìdó-Ilé àti Àwọn Lẹ́tà Tí Kò Hàn

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ dé láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá Oyèlékè, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, gbàdúrà lé e lórí títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọ̀gá Bọ́láwálé tó jẹ́ mẹkáníìkì so bẹ́líìtì mọ́ ẹ́ńjìnnì, a da ìrẹsì eléèpo láti oko Màámi sí i, gbogbo wa sì dúró.

Ohun tó jáde kì í ṣe ìrẹsì. Ìdajì fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gààrí, ìdajì ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ bí a ṣe dà á sí i.

Gbogbo èèyàn kàn ń wò mí. Èmi akọ̀wé wọn ni mo dìde níbi ìpàdé tí a ti pinnu láti ra ẹ̀rọ, tí mo ní irú ẹ̀rọ yìí ni mo fojú ara mi rí fún ọdún méjì tí mo fi kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ní Japan, pé àlòkù rẹ̀ sàn ju tuntun ẹlòmíì lọ. Ilé mọ́kànlélógójì ló gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ìrẹsì gbogbo wọn sì ti ń gbó lóko.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ka ìwé ẹ̀rọ náà tán. Èdè Japan ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ò dà mí láàmú. Omi tó wọ inú rẹ̀ lójú òkun ló bà á jẹ́. Ojú ewé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń to róólà rọ́bà méjèèjì tí ń bó èèpo ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìgbà tí èèyàn ta ẹ̀kọ sí i. Mo fi ọ̀bẹ là á, ó ya sí mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ, wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn: orúkọ ẹni tó ń tún un ṣe níbi tó ti wá, Tanigawa. Nọ́ńbà ibẹ̀ ò lọ mọ́. Mo wá a kiri lórí fóònù títí bátìrì fi kú, mo tún ṣáàjì rẹ̀, mo tún wá a. Níkẹyìn mo rí ojú ewé kan tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Kò ní ímeèlì, kò ní WhatsApp. Ohun tó ní ni pátákó ọ̀rọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ayé àtijọ́, tí àwọn àgbẹ̀ tó ní irú ẹ̀rọ yìí ti máa ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò ní àwòrán kankan. Inú tẹ́mínà, ojú dúdú orí kọ̀ǹpútà tí kì í gba ju lẹ́tà lọ, nìkan ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀. Ní alẹ́ gbogbo, bó bá jẹun tán, ó máa ń jókòó síbẹ̀ láti aago méje. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni tiwa nígbà náà.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo gun ọ̀kadà dé Àrámọkọ, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjerò. Ọlámijí, tí a jọ ṣe ìwé mẹ́wàá, ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà. Ó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, ó ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìjerò. Tẹ́mínà mẹ́rin la gbìyànjú. Mẹ́ta fi àmì ìbéèrè kún gbogbo ojú pátákó. Ẹ̀kẹrin, èyí ọ̀fẹ́ kan, ló ṣí i tí ó ṣeé kà.

Mo jókòó láti tẹ ìbéèrè mi.

"Báwo lo ṣe fẹ́ tẹ gbogbo àmì wọ̀nyí lórí kííbọ́ọ̀dù mi?" Ọlámijí béèrè.

"Ìró ni mo máa tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á to àwọn àmì tó ní ìró yẹn sínú àpótí kékeré, èmi á wá mú èyí tí mo fẹ́."

"Àpótí náà dà?"

Àpótí ò sí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan lójú dúdú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọlámijí ló rí i níkẹyìn: àpótí ti sá lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, etí rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta. Ohun tí mo sì ń tẹ̀ kò hàn rárá àyàfi bí mo bá ti tẹ Ẹ́ntà, tí ó ti wọlé, tí kò ṣeé yàn mọ́, àfi kí n pa á rẹ́ kí n tún un tẹ̀. Nínú àwọn ojú mìíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà, gbogbo rẹ̀ ń hàn kedere.

Aago méjìlá ti fẹ́ lù, ẹ̀rù ń bà mí pé Tanigawa á ti dìde. Mo fi àfọwọ́bà kọ ọ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Tanigawa dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó gbà pé ohun tí mo rí nìyẹn.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé láti ibi tó jìnnà tó báyìí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ yìí ṣe, kò tíì sí ẹni tó bi mí nípa bí nǹkan ṣe ń rí lára róólà. Ẹ má bínú, kí ni róólà yín ń sọ pé ó ń ṣe òun?"

Àlàfo àárín róólà ni mo fẹ́ béèrè: àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì, kankaku ni wọ́n ń pè é. Ìmọ̀lára, bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹni, kankaku náà ni. Létí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmì tí a fi ń kọ wọ́n ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi ò sì rí àmì.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ọlámijí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí lé kííbọ́ọ̀dù. "Lọ bi róólà bóyá ó ti jẹun!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì tí mò ń padà lọ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo ronú ọgbọ́n kan: mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo dà á sínú pátákó lẹ́ẹ̀kan. Pátákó náà já mi sílẹ̀. Mo tún wọlé, mo tún dà á, ó tún já mi. Ó ti dàgbà jù, kò lè gba ọ̀rọ̀ tó bá ya wọlé pọ̀. Ó fẹ́ kí ènìyàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìrẹsì lápá oko Bàbá Oyèlékè.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Èyí ni n kò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo rọra kọ̀wé sí i gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé róólà wa kì í ṣe tuntun. Mo ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀, mo fi bọ́tìnì ìparẹ́ pa á, mo tún un tẹ̀, mo wojú rẹ̀ dáadáa. "Kì í ṣe tuntun" ló wà lójú tẹ́mínà. Mo fi ránṣẹ́. Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, ó sọ bí àlàfo náà ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó, pẹ̀lú ìwọ̀n. Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù Ọlámijí.

Láàárọ̀ yìí Ọ̀gá Bọ́láwálé to róólà sí ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́. A tan ẹ̀rọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí òórùn rọ́bà jíjó fi gba gbogbo àgọ́, èéfín sì yọ. Ọ̀gá Bọ́láwálé sáré paná ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbẹ́ róólà kan ti dúdú.

Mo sáré lọ sí Ìjerò. Mo ṣí ohun tó dé ọ̀dọ̀ Tanigawa lójú pátákó fúnra rẹ̀. "Róólà wa jẹ́ tuntun." Ohun tó kà nìyẹn. Nígbà tí mo ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, mo ti pa ju ohun tí mo rí lọ: "kì í ṣe", tó máa ń wà ní ìparí gbólóhùn wọn, ti bá a lọ. Apá tí mo pa kò kúrò lójú tẹ́mínà. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà. Ìwọ̀n róólà tuntun ló fún mi. Tiwa ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ń ha ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá Bọ́láwálé ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú ìjà sí. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí ni mẹkáníìkì ọ̀kadà mọ̀ nípa ẹ̀rọ Japan, àti pé ará Ìkìrun ni, kì í ṣe oko tirẹ̀ ló ń ṣòfò. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí Ọ̀gá Bọ́láwálé ti ń gbé ìlú yìí. Ó kàn ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọ̀gá Bọ́láwálé sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni wọ́n ṣe. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí mi ò rí dáadáa, tí mo sì gbé èsì rẹ̀ wá fún wọn. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹnìkan ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá Oyèlékè gbé ọwọ́ sókè.

"Ayọ̀bámi, ṣé o lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mo fẹ́ gbìyànjú sí i."

"Títí di ìparí oṣù," ni Bàbá sọ. "Bó bá kọjá ìyẹn, a ó kó ìrẹsì wa lọ síbi tí a ti ń bó o tẹ́lẹ̀. A ò lè jẹ́ kí òjò bá a nínú àpò."

Nígbà tí a délé, Màámi gbé oúnjẹ fún mi. "Jẹun ná. O ti ṣe é dáadáa lónìí," ó ní. Mo bi í pé kí ni mo ṣe dáadáa. Ó ní, "O ò jẹ́ kí wọ́n ti uṣẹ́ ọwọ́ rẹ sí ẹlòmíì lọ́rùn."

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Ọlámijí ti ṣọ́ọ̀bù pa láàárọ̀, ó kọ "Mò ń bọ̀" sára ilẹ̀kùn. Ètò ọ̀fẹ́ ni tẹ́mínà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Ó ti ń kà á láti ọjọ́ Ajé. Mo ní kó má torí mi pàdánù oníbàárà. Ó ní, "Ta ló ń ṣe é torí rẹ? Ó ti ń dùn mí pé mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Wò ó. Ẹni tó kọ ọ́ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àyè kan. Àwọn àmì tìrẹ yìí fẹ̀, méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n gbà. Ṣé o rí dírẹ́bà tó ń kó èèyàn méjì sórí ìjókòó kan? Bó ṣe rí nìyẹn. Bí o bá ní kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, kò mọ ẹni tó sọ̀, kò sì mọ ẹni tó kù."

Ó tún un kọ. A tẹ ọ̀rọ̀, a pa á rẹ́, a tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a pa lọ pátápátá. Mo pa á rẹ́ bíi ogún ìgbà láìnídìí, kí n kàn lè máa rí i bó ṣe ń lọ.

Àpótí ṣì wà ní igun rẹ̀ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Sólà Ọlámijí ò gba oòrùn, iná ò sí. Mo wà nílé, èmi àti Màámi ń fi tapólì bo àpò ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹwàá

Ó HÀN.

Mo ní láti fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọlámijí ti rí i pé tẹ́mínà kì í sọ fún ètò èdè Japan, èyí tó ń gbé àpótí jáde, ibi tí ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú wà. Ìyẹn ò mọ ibi tí yóò gbé àpótí sí, ló bá gbé e sí igun. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún tẹ́mínà pé kó fi ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì yàn tán hàn. Ó kọ àtúnṣe kan, tẹ́mínà kò ṣí mọ́ rárá. Ó kọ òmíràn, àpótí fò lọ sókè ojú kọ̀ǹpútà, ó jókòó síbẹ̀. Ọlámijí bú u. Obìnrin kan tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bíi pé orí wa ti yí.

Nígbà kẹta, mo tẹ ìró kankaku. Ó yọ níbi tí ìlà ti ń ṣẹ́jú, pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé òun ṣì ń dúró kí n yàn. Àpótí sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Àlàfo wà níbẹ̀. Ìmọ̀lára wà níbẹ̀. Mo mú àlàfo.

Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún àfi ìgbà tí Ọlámijí gbé ìnujú fún mi. Obìnrin ẹnu ọ̀nà béèrè bóyá a gba ìròyìn burúkú. Ọlámijí ní, "Rárá o, màmá. Lẹ́tà ló hàn." Obìnrin náà ní ẹ kú oríire, ó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ odindi ojú ewé kan sí Tanigawa. Mo tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, bí róólà ṣe jẹ, bí ó ṣe jó, irú ìrẹsì tí a ní, pé ọjọ́ méjì péré ló kù fún mi. Mo rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó lọ.

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ń túmọ̀, Ọlámijí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí a máa rà. Kí a bọ́ róólà méjèèjì, kí a pààrọ̀ ipò wọn, nítorí èyí tó ń yára yí ló máa ń tètè jẹ. Kí a fi sáńpépà ha ibi tó jó títí yóò fi tẹ́jú. Kí a sá ìrẹsì sóòrùn fún ọjọ́ kan sí i, ó jọ pé ó ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n àlàfo. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé: "Ẹ má fi ìwọ̀n mi nìkan ṣe é. Ẹ bu ìrẹsì ọgọ́rùn-ún hóró tó bá jáde, kí ẹ ka iye tó ṣì wà nínú èèpo. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ fún róólà pọ̀ díẹ̀. Bó bá ń fọ́, ẹ tú u díẹ̀."

Mo béèrè bóyá inú ń bí i sí mi. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọṣẹ́, òun jó róólà mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Kẹwàá

Láti àná ni Ọ̀gá Bọ́láwálé ti ń ha róólà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ní, "Àǹtí, ẹ ka ìwọ̀n yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo kà á. "Ẹ tún un kà." Mo tún un kà.

Bàbá Oyèlékè wá, àwọn mìíràn wá. Kò sí àdúrà gígùn lọ́tẹ̀ yìí. A tan ẹ̀rọ.

Mi ò lè wò ó. Mo kọjú sí ògiri, mò ń gbóòórùn bóyá rọ́bà ń jó. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn Màámi: "Ayọ̀bámi! Yíjú padà!"

Ìrẹsì ń dà jáde lódindi. A ka ọgọ́rùn-ún hóró lórí àtẹ́, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí i ká. Mọ́kànlá wà nínú èèpo. Ọ̀gá Bọ́láwálé fún róólà pọ̀ ní bíńtín. Mẹ́fà. Ó kérora bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó sórí táyà kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó pè é ní ará Ìkìrun lọ́jọ́ ìpàdé bu omi tútù wá fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọ̀gá Bọ́láwálé gbà á, ó mu ún tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Àpò mẹ́rìnlélógún láti àná. Dísù tí ẹ̀rọ ń mu tún ti gbówó lórí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fajú ro. Alhájà Ràhámọ̀tù, tó máa ń ra ìrẹsì lọ sí Ìwó, wá fúnra wọn. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n fi eyín gé hóró kan. "Ta ló bó èyí?" Bàbá Oyèlékè nawọ́ sí mi. Mo nawọ́ sí Ọ̀gá Bọ́láwálé. Wọ́n ní àwọn á kó gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Àwọn tó ni tẹ́mínà gba àtúnṣe Ọlámijí wọlé, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó ti tẹ ojú ewé náà síta, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó ẹ̀dà ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn ìsìn, Ọlámijí gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá kí wa. Nẹ́tíwọ̀kì dára díẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, a jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú Màámi, a ṣí pátákó. Tanigawa wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé a ti bó ìrẹsì ilé mọ́kànlélógójì tán, pé kò sí èyí tí òjò bá.

Ó kọ ọ́ pé ọdún mẹ́ta ti kọjá kí n tó wọlé tí ẹnikẹ́ni ò ti bi òun ní nǹkan kan lórí pátákó yẹn. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ti kú, tàbí wọ́n ti ra tuntun. Ní alẹ́ gbogbo, òun kàn ń jókòó síbẹ̀ ni. Òun ti pinnu láti tì í pa nígbà tí ọdún bá parí. "Mo sọ fún ìyàwó mi láàárọ̀ yìí pé mi ò ní tì í pa mọ́," ó ní. "Ó ní òun ti mọ̀, nítorí mo ti ń yára jẹun alẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi. Ó tẹjú mọ́ ojú dúdú náà.

"Ṣé wọ́n ń jẹ ìrẹsì níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa, Màámi. Òun ni oúnjẹ wọn."

"Sọ fún un pé tiwa dùn ju tiwọn lọ. Sọ pé èmi ni mo ní kí o sọ ọ́."

Ọlámijí ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ lé kííbọ́ọ̀dù, mo tẹ ìró àkọ́kọ́.